Bí ìbọn ṣe wọ inú òfin káàdì àwìn ní Amẹ́ríkà

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, Ààrẹ Barack Obama buwọ́ lu òfin tó ká àwọn báǹkì lọ́wọ́ kò lórí èlé tí wọ́n ń gbé lé àwọn tó ń fi káàdì rajà láwìn. Ẹni tó bá ṣí òfin náà dé Orí Karùn-ún, tí wọ́n pè ní "Oríṣiríṣi", yóò bá abala 512 níbẹ̀. Abala yẹn kò dárúkọ káàdì rárá. Ó ní kí ìjọba má ṣe dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti gbé ìbọn tó ní ọta nínú wọ ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba àpapọ̀, irú Yellowstone, bí òfin ìpínlẹ̀ ibẹ̀ bá ti gbà á láyè.

Tom Coburn, aṣòfin àgbà láti Oklahoma, ló mú àbá náà wá, ó sì wọlé pẹ̀lú ìbò 67 sí 29. Ilé Aṣòfin Àgbà kò ní òfin gbogboogbò tó ní kí àtúnṣe bá kókó àbádòfin mu, àfi bí wọ́n bá ti dìbò fòpin sí àríyànjiyàn, tàbí tó bá jẹ́ àbádòfin ìṣúná. Ilé Aṣojú-ṣòfin ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láti 1789, àmọ́ ilé lè dìbò yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní 2009, ṣe ni wọ́n pín ìbò sí méjì: káàdì gba 361 sí 64, ìbọn gba 279 sí 147. Wọ́n wá so méjèèjì pọ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ààrẹ. Aṣojú tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ ìbọn lè délé sọ pé òun kò dìbò fún un. Ìbọn ṣáà ti wọlé.

Ọ̀dọ̀ Ààrẹ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Òfin ìpilẹ̀ ní kó gba àbádòfin lódindi tàbí kó dá a padà lódindi. Ní 1996, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé aṣòfin méjèèjì, fún ẹni tó bá jẹ́ Ààrẹ láṣẹ láti máa fa ìlà ìnáwó kọ̀ọ̀kan yọ. Ní 1998, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọ́gi lé àṣẹ náà, adájọ́ 6 sí 3. Torí náà, ẹni tí àbá rẹ̀ kò lè dá rìn yóò wá àbádòfin tí apá ẹnikẹ́ni kò ní ká láti kọ̀, yóò gbé tirẹ̀ pọ̀n sí i lẹ́yìn; irú èyí ni àbá àlẹ̀mọ́. Òfin ààbò èbúté ọkọ̀ òkun ti 2006 ló gbé òfin owó tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì dé, nígbà tí àwọn aṣòfin ń kánjú àtilọ polongo ìbò.

Owó àyàsọ́tọ̀ yàtọ̀ sí èyí, bí ọ̀pọ̀ tilẹ̀ ń pa wọ́n pọ̀. Ìyẹn ni owó tí aṣòfin ní kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ kan pàtó ládùúgbò rẹ̀. Òfin ojú pópó ti 2005 ní irú rẹ̀ tó ju 6,000 lọ. Afárá Gravina ní Alaska ló sọ ọ́ lórúkọ burúkú: 223 mílíọ̀nù dọ́là, sí erékùṣù tí nǹkan bí èèyàn 50 ń gbé. (Pápákọ̀ òfurufú Ketchikan wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í rántí sọ ọ́.) Ní 2011, wọ́n dáwọ́ owó àyàsọ́tọ̀ dúró.

Nígbà tó padà ní 2021, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Aṣojú ní láti gbé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sórí ìkànnì rẹ̀, kó kọ̀wé pé òun àti ìdílé òun kò ní èrè níbẹ̀. Iléeṣẹ́ aládàáni tó ń wá èrè kò lè gbà á. Àpapọ̀ rẹ̀ nígbà náà kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 1 nínú 100 owó tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ń pín lọ́dọọdún. Kì í sábà fi kún ìnáwó, torí inú iye tí ìgbìmọ̀ ti là sílẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Bí aṣòfin kò bá yàn, òṣìṣẹ́ ìjọba ni yóò yàn. Bí wọ́n bá sì fa bọ́jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ gùn dípò kí wọ́n kọ tuntun, bíi ti oṣù Kẹta 2025, gbogbo rẹ̀ já sófo: ìlú tó ti kọ̀wé fún omi ẹ̀rọ á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Irú ìwé àti orúkọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa béèrè fún àbá àlẹ̀mọ́ pẹ̀lú, nítorí owó afárá máa ń tán, àmọ́ òfin tó bá ti wọlé kì í kúrò bọ̀rọ̀. Òfin ìpilẹ̀ ìpínlẹ̀ tó ju 40 lọ ní kí òfin kan dá lé kókó kan ṣoṣo, ilé ẹjọ́ sì lè fagi lé èyí tó bá rú u. Ti ìjọba àpapọ̀ kò ní gbólóhùn yẹn. Ẹni tó bá ń ka àbádòfin wọn, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí tó gbẹ̀yìn.