Họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè àti ọjọ́ ogbó

Họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè ni èròjà kan tí pituitary, ẹ̀yà ara tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ nísàlẹ̀ ọpọlọ, máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mú kí ọmọdé ga. Lára àgbàlagbà, ó ń mójú tó iṣan, egungun àti ọ̀rá. Oorun àsùnwọra àti eré ìdárayá tó gba agbára máa ń mú kó jáde, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ sókè ni iye rẹ̀ ń wálẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi gbà pé ẹni tó bá ń gún un lábẹ́rẹ́ kò ní tètè gbó.

Ara òkú ni wọ́n ti ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kò pọ̀, nítorí náà àwọn ọmọ tí kò ga nítorí àìtó rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún. Ní 1985 ni àṣírí tú pé àwọn kan lára àwọn tó gbà á ti kó àrùn Creutzfeldt-Jakob, àrùn ọpọlọ tí kò gbóògùn. Amẹ́ríkà dá èyí tó ń ti ara òkú wá dúró, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sì fọwọ́ sí irú èyí tí wọ́n ń fi bakitéríà ṣe. Ìgbà tó ti wá pọ̀ báyìí, àwọn oníṣègùn lè dán an wò lára àgbà.

Ní Oṣù Keje 1990, Daniel Rudman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ọkùnrin 21, ẹni ọdún 61 sí 81. Àwọn 12 gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Wọn kò fún àwọn 9 yòókù ní ohunkóhun. Lára àwọn tó gbà á, ọ̀rá fi ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ìwọ̀n ara tí kì í ṣe ọ̀rá sì fi 8.8 lé sí i. Àwọn olùwádìí kọ ọ́ pé àyípadà náà tó èyí tí ogbó ọdún 10 sí 20 ń fà. Gbólóhùn yìí ni àwọn tó ń ta abẹ́rẹ́ náà gbé kiri. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ìwádìí náà kò wọn agbára ẹnikẹ́ni.

Àwọn mìíràn wá wọ̀n ọ́n. Ní 1996, Papadakis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára ọkùnrin 52 tó ti lé ní ẹni ọdún 69. Ọ̀rá dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára orúnkún àti ọwọ́ kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Ẹsẹ̀ wíwú àti oríkèé ríro ló pọ̀ lára àwọn tó gba họ́mọ̀nù. Ìwádìí tó da abẹ́rẹ́ náà pọ̀ mọ́ gbígbé ohun wúwo kò rí i pé ó fi agbára kún èyí tí eré ìdárayá nìkan fún wọn. Lónìí, òfin Amẹ́ríkà kò fàyè gba títà á fún ìdènà ogbó.

Ìwádìí mìíràn ti jáde ní oṣù kan ṣáájú ti Rudman, tí ariwo rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́jà, bóyá nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n lè tà nínú rẹ̀. Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Boston, Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ènìyàn 10, tí ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ 90, wọ́n ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ìwọ̀n wúwo sókè, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹni mẹ́sàn-án ló parí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà. Agbára ẹsẹ̀ wọn fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i ní ìpíndọ́gba, àwọn méjì sì pa ọ̀pá ìtilẹ̀ tì. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára náà ti lọ.