Ìmọ̀ràn ni tiwọn, àṣẹ ni ti Ààrẹ: bí ìpinnu lórí ààbò ṣe ń jáde ní Aso Rock

Bí wọ́n bá ti jí ọmọ iléèwé gbé níbìkan ní Nàìjíríà, kì í pẹ́ tí àwòrán kan náà fi máa ń hàn lórí tẹlifíṣọ̀n: tábìlì gígùn ní Aso Rock, Ààrẹ lórí ìjókòó alága, àwọn mínísítà lápá kan, àwọn ọ̀gágun nínú aṣọ iṣẹ́ wọn lápá kejì, fáìlì níwájú oníkálùkù. Kámẹ́rà á yà wọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á ní kí àwọn oníròyìn jáde, ilẹ̀kùn á sì tì. Ohun tí wọ́n bá kéde nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ni aráàlú ń pè ní ìpinnu ìgbìmọ̀. Orúkọ tí ìwé òfin fún un yàtọ̀. Ìmọ̀ràn ló pè é.

Abala 153 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dá ìgbìmọ̀ méjì sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Àkọ́kọ́ ni Ìgbìmọ̀ Ààbò Orílẹ̀-èdè. Ààrẹ ni alága, Igbákejì rẹ̀ ló tẹ̀lé e. Lẹ́yìn wọn ni mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ti ètò ààbò àti ti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, olórí gbogbo ọmọ ogun, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, àti Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí NSA. Ààrẹ tún lè fi ẹni tó bá wù ú kún wọn. Ààbò ará ìlú ni iṣẹ́ wọn. Ìkejì ni Ìgbìmọ̀ Ìgbèjà Orílẹ̀-èdè, níbi tí ọ̀gá àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti orí omi àti ti òfuurufú ti ń jókòó pẹ̀lú mínísítà ètò ààbò. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ àti ogun ni tiwọn.

Abala 159 fún ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, ó sì fún alága ní ìbò kún ìbò bí ọwọ́ bá dọ́gba. Ṣùgbọ́n kí gbogbo wọn tilẹ̀ nawọ́ sókè, ìmọ̀ràn náà ni wọ́n dìbò lé. Ààrẹ ni olórí gbogbo ológun, abala 218 sì fi bí wọ́n ṣe máa lo àwọn ọmọ ogun náà sí ìkáwọ́ rẹ̀. Òun ló yan àwọn mínísítà, òun náà ló lè ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ohun tó bá sọ ni abẹ gé.

Ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ wá sí tábìlì náà wá ṣe pàtàkì gan-an. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Murtala Muhammed ní ọdún 1976 ni ìjọba dá àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní NSO sílẹ̀. Babangida fọ́ ọ sí mẹ́ta ní 1986: SSS, tí a mọ̀ sí DSS lónìí, fún abẹ́lé, NIA fún òkèèrè, DIA fún àwọn ológun. Látìgbà náà, oríṣiríṣi etí ló ń gbọ́, NSA ló sì yẹ kó kó ohun tí wọ́n gbọ́ pọ̀ kó tó dé iwájú Ààrẹ. Ológun tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ti di ipò náà mú. Ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ ni Nuhu Ribadu, tí Tinubu yàn ní 2023. Mínísítà tí kò bá rí ìròyìn àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, orí ohun tí ẹlòmíì sọ ni yóò gbé ìmọ̀ràn tirẹ̀ kà.

Ibi tí òfin ti so Ààrẹ lọ́wọ́ ni abala 5. Kò lè kéde ogun sí orílẹ̀-èdè mìíràn àfi bí ilé aṣòfin méjèèjì bá jókòó pọ̀ tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Kò sì gbọ́dọ̀ rán ọmọ ogun kan lọ jà lóde Nàìjíríà láìjẹ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kọ́kọ́ gbà. Àyè kan péré ló wà: bí ewu bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ó lè fi ọ̀rọ̀ lọ Ìgbìmọ̀ Ìgbèjà, kó rán wọn lọ fún ìjà tó mọ níwọ̀n, kó sì gba àṣẹ lẹ́yìn. Láàárín ọjọ́ méje tí ìjà bẹ̀rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn aṣòfin náà, àwọn náà sì ní ọjọ́ 14 láti gbà tàbí láti kọ̀.

A ti rí ọ̀nà méjèèjì yìí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, àwọn ológun lé Ààrẹ Mohamed Bazoum kúrò lórí oyè ní orílẹ̀-èdè Niger. Tinubu, tó jẹ́ alága ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nígbà náà, kọ lẹ́tà sí Ilé Aṣòfin Àgbà lórí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ó sì fi rírán ọmọ ogun kún un. Ìpínlẹ̀ méje ní àríwá ló bá Niger pààlà, láti Kebbi títí dé Borno; ẹbí àti oníbàárà ara wọn ni wọ́n jẹ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì ààlà náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, àwọn aṣòfin ní kó lọ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yanjú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ò lọ.

Ti Bẹ̀nẹ̀ yàtọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2025, àwọn ṣọ́jà kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní Kútọnu pé àwọn ti lé Ààrẹ Patrice Talon. Ẹni tó bá ń ná ọjà Dàńtokpá níbẹ̀ mọ bí Kútọnu ṣe súnmọ́ ààlà wa ní Sẹ̀mẹ̀ tó. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ké sí Nàìjíríà, ọkọ̀ òfuurufú ológun sì ti wọlé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn aṣòfin tó fọwọ́ sí i. Òfin ò lòdì sí i, torí ọjọ́ méje ò tíì pé. Síbẹ̀, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ kí ọkọ̀ tó gbéra, kí wọ́n sì béèrè nígbà tí ọkọ̀ ti dé ojú òfuurufú ẹlòmíràn, agbára tí ìdáhùn rẹ ní kò lè rí bákan náà.

Ní abẹ́lé, abala 305 ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ìjọba pàjáwìrì. Bí Ààrẹ bá kéde rẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà láàárín ọjọ́ méjì bí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ọjọ́ mẹ́wàá bí wọ́n bá wà ní ìsinmi. Ìyẹn túmọ̀ sí aṣòfin 73 nínú 109 ní Ilé Aṣòfin Àgbà, àti 240 nínú 360 ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Nígbà tó kan ìpínlẹ̀ Rivers ní oṣù Kẹta 2025, "Bẹ́ẹ̀ ni" àti "Bẹ́ẹ̀ kọ́" tí wọ́n fi ohùn pariwo ni wọ́n fi dìbò. Báwo ni èèyàn ṣe ń fi etí ka 240? Ìbéèrè yẹn tọ́, ó sì yẹ kí gbogbo wa tẹ̀ lé e gírígírí, pàápàá àwa tí ìtàn Ìbàdàn ṣì wà létí wa. Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1962 ni wọ́n ń sọ àga lu ara wọn nílé aṣòfin ìwọ̀-oòrùn. Ọjọ́ kẹrin sí i, Balewa, olórí ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ilé aṣòfin àpapọ̀, wọ́n sì fi Majekodunmi, mínísítà ètò ìlera, ṣe alábòójútó ẹkùn wa fún oṣù mẹ́fà.

Gómìnà ńkọ́? Òfin ò fún un ní àga nínú ìgbìmọ̀ ààbò yìí. Ó lè pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n abala 215 jẹ́ kí kọmíṣọ́nnà sọ pé òun fẹ́ kí Ààrẹ kọ́kọ́ dá sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù fi gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní oṣù Kìíní 2020.

Ó wá ku owó, tí ìpinnu kankan ò lè rìn láìsí i. Lábẹ́ òfin, àwọn aṣòfin ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2018, Buhari kọ̀wé sí wọn pé òun ti san nǹkan bí 496 mílíọ̀nù dọ́là fún Amẹ́ríkà lórí ọkọ̀ òfuurufú Super Tucano 12, torí àkókò tí Amẹ́ríkà dá ti fẹ́ kọjá. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn kan sì ní kí wọ́n yọ ọ́ nípò. Owó ti lọ. Oṣù Keje 2021 ni mẹ́fà àkọ́kọ́ tó balẹ̀ sí Kánò.