Àpò Ìfẹ̀yìntì: Ẹ Má Pè É Ní Àjẹmọ́nú Mọ́

Ẹni tó kọ́kọ́ pe pẹ́ńṣàn àdáni ní "owó àjẹmọ́nú" ló da ọ̀rọ̀ yìí rú. Àjẹmọ́nú tí à ń gbọ́ lórí rédíò ni owó tí agbanisíṣẹ́ ń fi kún owó oṣù: owó ilé, owó ọkọ̀, owó ewu iṣẹ́. Owó ẹlòmíì ni, òun ló sì ń fún yín. Èyí tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yọ nínú ohun tó ń wọlé fún un fún ogójì ọdún, báwo nìyẹn ṣe wá di àjẹmọ́nú?

"Owó ìfẹ̀yìntì" sàn díẹ̀, mi ò bá a jà níbi tó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí etí wa ti mọ̀ ọ́n sí ni owó tí ìjọba tàbí ọ̀gá ń san lóṣooṣù fún ẹni tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìlérí ni. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ni Jámánì fi sínú òfin lábẹ́ Bismarck, olórí ìjọba wọn nígbà náà, lọ́dún 1889: òṣìṣẹ́ tó bá pé ẹni 70 ọdún, wọ́n á máa san nǹkan fún un. Bí owó bá wọ́n, ọrùn ẹni tó ṣe ìlérí ni wàhálà wà. Pẹ́ńṣàn àdáni ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí iye kan fún yín. Ẹ ó ro ohun tí ẹ fi síbẹ̀ pọ̀ mọ́ èrè tí wọ́n fi pa, ẹ ó yọ ohun tí àwọn alábòójútó owó náà mú, èyí tó kù ni tiyín. Ìdí tí mo fi ń pè é ní àpò ìfẹ̀yìntì nìyẹn. Àpò ṣeé tú wò, ó ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíì, ó sì lè fẹ́rẹ̀.

Àwọn kan ní àpò ti rẹlẹ̀ jù, pé "àkáǹtì ìfẹ̀yìntì" ló bójú mu. Bí ẹ bá pè é ní àkáǹtì, àwọn èèyàn á rò pé owó náà sùn sí báńkì ni, pé kò lè dín. Owó yìí kì í sùn. Ìpín iléeṣẹ́ ni wọ́n ń fi rà, wọ́n sì ń yá ìjọba nínú rẹ̀ gba èlé, nítorí náà ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo tún ti rí "ètò ìfowópamọ́ aládàáni fún ìgbà ogbó". Kí èèyàn tó pè é tán, ogbó á ti dé.

Kì í ṣe pé mo kàn fẹ́ràn ìjà. Ẹni tí wọ́n bá fún ní àjẹmọ́nú, ó máa dúpẹ́ ni, á bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó fi àpò rẹ̀ sọ́wọ́ aṣọ́nà gbọ́dọ̀ bèèrè iye tí aṣọ́nà ń gbà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọjà yìí ti ń jẹ owó àwọn èèyàn. Wọ́n á ní "ìdá 1 nínú 100 lọ́dún". Nínú 100 kí ni? Wọn kì í fẹ́ dúró sọ ìyẹn.

Ká ní ẹ fi àgùntàn 100 sọ́wọ́ darandaran, tí agbo ń fi 5 lé lórí 100 lọ́dọọdún. Darandaran ní òun ò gbowó, 1 péré lòun ó máa mú nínú 100 lọ́dún, kí 4 máa kù fún yín. Ta ni yóò bá a jà nítorí 1? Àmọ́ kì í ṣe nínú ọmọ tí wọ́n bí ló ti ń mú un, nínú gbogbo agbo ni. Lọ́dún tí ẹran ò bí, tí àrùn tún pa nínú wọn, ó ṣì mú tirẹ̀. Abo tó mú lọ, ó mú un lọ tòun ti oyún inú rẹ̀, àti ọmọ tí oyún yẹn ì bá bí lẹ́yìn ọ̀la. Tí ó bá fi máa di 40 ọdún, agbo tí ì bá jẹ́ 704 kò ní ju 480 lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1988 ni ìjọba ṣílẹ̀kùn ọjà pẹ́ńṣàn àdáni gbayawu. Àwọn olùtajà tí wọ́n ń gbowó lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ya lu àwọn nọ́ọ̀sì, tíṣà àti awakùsà, wọ́n ní kí wọ́n kúrò nínú ètò tí agbanisíṣẹ́ wọn ti ń ṣèlérí fún wọn. Wọ́n gba ìlérí lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi àpò lé wọn lọ́wọ́, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pe méjèèjì lédè wọn. Ó rọrùn láti ta irú ẹ̀. Owó gbà-máà-bínú tí àwọn tó tà á fún wọn wá san lé ní bílíọ̀nù 11 pọ́n-ùn, àwọn tó gbà á sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni ìjọba tó pàṣẹ pé, fún òṣìṣẹ́ tí kò fúnra rẹ̀ yan ibi tí owó rẹ̀ ń lọ nínú ètò ibi iṣẹ́, alábòójútó kò gbọdọ̀ gbà ju 0.75 nínú 100 lọ lọ́dún.

 

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹ bá fẹ̀yìn tì, ẹ lè máa bù jẹ nínú àpò, ẹ sì lè kó o fún iléeṣẹ́ adójútòfò kí wọ́n máa san iye kan fún yín títí ẹ ó fi kú. Wọ́n ń pe èyí ní "owó ọdọọdún", bẹ́ẹ̀ oṣooṣù ni wọ́n sábà máa ń san án. Èmi ń pè é ní owó àjẹdọ́jọ́-ikú. Wọ́n ní mò ń fi ikú bú èèyàn. Ṣé kì í ṣe ikú ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ ni? Ohun tó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ ẹni tó tètè lọ ni wọ́n fi ń bọ́ ẹni tó pẹ́ láyé. Ẹni tó bá rà á kò ní àpò mọ́, kò sì ṣeé dá padà. Nítorí náà, kó tó fọwọ́ sí i, kó bi wọ́n bóyá iye náà á máa lọ sókè bí ọjà bá ń wọ́n, àti bóyá ọkọ tàbí aya rẹ̀ á máa rí nǹkan gbà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kì í fi ìkankan nínú méjèèjì ṣe ènì.