Pípín ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí sílébù àti gígé e ní ìparí ìlà

Sílébù ni ègé ọ̀rọ̀ tó kéré jù lọ tí ẹnu lè dá pè lẹ́ẹ̀kan. Gígé ọ̀rọ̀ ní ìparí ìlà, tí a ń fi háífùnù (-) ṣe, sún mọ́ pípín sílébù, àmọ́ wọn kì í ṣe ohun kan náà: etí ló ń pín sílébù, ojú ni a ń gé ọ̀rọ̀ fún. Ìró t kan péré ló wà nínú “butter” bí a bá pè é, síbẹ̀ “but-ter” ni wọ́n ń gé e nínú ìwé.

Ibi kíka sílébù ni etí Yorùbá ti ń ṣìnà jù. Sílébù Yorùbá kì í ní ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Ti Gẹ̀ẹ́sì lè kó kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta jọ ṣáájú odo sílébù, ìyẹn fáwẹ̀lì àárín rẹ̀: “strengths” ní lẹ́tà mẹ́sàn-án, sílébù kan ni. Ẹnu wa a máa há fáwẹ̀lì sáàárín wọn, bí “bread” ṣe di búrẹ́dì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò WAEC ní Ìbàdàn á sì ka mẹ́ta níbi tí ẹyọ kan wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni “-ed”: ẹ̀yìn ìró t tàbí d nìkan ló ti ń di sílébù. “Wanted” jẹ́ méjì; “walked” àti “stopped” jẹ́ ọ̀kan, a kò sì gbọdọ̀ gé wọn rárá.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gé ọ̀rọ̀. Ìpè ni Amẹ́ríkà ń tẹ̀lé, “knowl-edge”. Àṣà àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wo ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀, “know-ledge”. Olóòtú tó ń ṣe ìwé ilé-ìwé fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìwé ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, ń lo àkọtọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó mú díkíṣọ́nárì kan ṣoṣo, kí ó má sì yà kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́tà méjì ó kéré tán ló yẹ kó ṣáájú háífùnù, kí mẹ́ta bọ́ sí ìlà kejì, nítorí náà a kì í gé “about” tàbí “ready”. “Self-control” kò gbọdọ̀ ní háífùnù kejì. “Record” ń yí padà: “rec-ord” bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, “re-cord” bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Èyí tó burú jù ni gígé tó ń bí ọ̀rọ̀ mìíràn, bí “leg-ends” tàbí “the-rapist”.

Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà tí Frank Liang gbé kalẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ní 1983 fún TeX, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ìwé fún títẹ̀, ṣì gbajúmọ̀. Ó ń fi àwọn ègé lẹ́tà tí a fi nọ́ńbà há láàárín wé ọ̀rọ̀: nọ́ńbà bí 1 tàbí 3 ń gba gígé láàyè, 2 tàbí 4 ń dí i. Ègé 4,447 ló wà fún Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ 14 tí a kọ sọ́tọ̀. “Present” àti “project” wà nínú àwọn tí a kọ sọ́tọ̀ yìí, kò sì ń gé wọn rárá, torí ìpè wọn kò dúró sójú kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú Microsoft Word ni títẹ háífùnù lásán sí ìparí ìlà. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un lẹ́yìn náà, ìlà á sún, háífùnù á sì kù sáàárín ìlà. Ctrl pẹ̀lú háífùnù ló ń fi èyí tó fara pa mọ́ síbẹ̀, tí kì í yọjú àfi bí ìlà bá já níbẹ̀. Nínú ìwé elédè méjì, kí a yan Yorùbá ní èdè fún apá Yorùbá nínú Word, tàbí kí a pa gígé tí Word ń fúnra rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òfin Gẹ̀ẹ́sì lè ya g kúrò lára b, kó gé “ìgbàgbọ́” sí “ìg-bàgbọ́”, bẹ́ẹ̀ gb jẹ́ kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo.