Bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ́ńjìnì V6 sínú Hilux 2.7

Hilux tí wọ́n ṣe láàárín 2005 sí 2015, èyí tó ń lo ẹ́ńjìnì 2.7 oní plọ́ọ̀gì mẹ́rin, mọ́tò gidi ni, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ẹ̀, àmọ́ ẹ di símẹ́ǹtì kún ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ tan AC kẹ́ ẹ wá kojú òkè, ẹ máa rí i pé agbára ẹ̀ ò gbé e. Nǹkan bíi 160 horsepower ló ní. Àwọn tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń yọ ọ́, wọ́n á wá gbé 4.0 V6, oní plọ́ọ̀gì mẹ́fà, wọlé, èyí tí Toyota ń pè ní 1GR-FE, tó ń mú nǹkan bíi 236 wá. Lára 4Runner tàbí Tacoma ni wọ́n ti sábà máa ń yọ ọ́, tokunbo ẹ̀ sì ni wọ́n ń lọ wá ní Ládípọ̀, ní Muṣin.

Ìdí tó fi jẹ́ òun ni wọ́n ń mú, tí kì í ṣe V8 kan tó kàn ń pariwo, ni pé Toyota fúnra ẹ̀ ti fi í sínú Hilux ìran yìí kan náà tí wọ́n tà ní South Africa àti Australia. Ààyè ẹ̀ ti wà níwájú mọ́tò nìyẹn. Ẹni tó bá rí engine seat ti Hilux V6 yẹn rà, bóòtù ló máa fi dè é, ẹni tí ò bá rí i á pe wẹ́dà, ibẹ̀ gan-an sì ni nǹkan ti máa ń wọ́, torí tí ẹ́ńjìnì bá yẹ̀ sápá kan báyìí, títí dé ẹ̀yìn mọ́tò ló máa hàn.

Ẹ́ńjìnì ọ̀hún nìkan kì í pẹ́ gbé wọlé tí mẹkáníìkì bá mọṣẹ́, ohun tó so mọ́ ọn ló ń jẹ owó. Ojú gíà ti 2.7 ò bá ẹ̀yìn V6 mu, torí náà gíà tiẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e wá. Tí Hilux bá jẹ́ 4x4, kẹ́ ẹ ṣọ́ra o, gíà tó bá wá lára mọ́tò tó jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló ń fà kì í ní transfer, ìyẹn èyí tó ń pín agbára sí táyà iwájú, ẹni tó bá rà á ti ra irin lásán. Tó bá sì jẹ́ gíà ọ́tò ni, rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí ọ́ìlì gíà á ti máa tutù, V6 sì ń gbóná ju 2.7 lọ, ẹ má tún fi rédíétọ̀ kékeré yẹn há a.

Gíà tuntun kì í gùn bákan náà pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi máa ń gé propeller, ọ̀pá gígùn tó so gíà mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Kí wọ́n tó gé e, ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ láti orí dé ìdí ẹ̀, torí tó bá ń jó o padà, jọ́ìntì iwájú àti tẹ̀yìn gbọ́dọ̀ kọjú síbi kan náà bíi ti tẹ́lẹ̀. Tí ìlà yẹn ò bá dọ́gba, ẹ máa wakọ̀ nínú ìlú ẹ ò ní mọ nǹkan kan, ẹ dé express, gbogbo mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n á sì ní táyà ni. Crown àti pinion náà wà ńbẹ̀, ìyẹn eyín irin tó ń gba agbára lára propeller tó ń yí táyà, nọ́ńbà ẹ̀ ló ń sọ iye ìgbà tí propeller máa yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Tí tẹ̀yìn bá jẹ́ 4.10, tiwájú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 4.10, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fa 4x4 lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni transfer á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara ẹ̀.

Wáyà ló wá le jù. Throttle V6 yìí, ìyẹn ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, ò ní kébù, pẹ́dà tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ ló ń rán iṣẹ́ sí brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, brain box á wá ṣí throttle. Kó tó lè gbà, ó fẹ́ rí pẹ́dà tó mọ̀, ó fẹ́ rí gíà tó mọ̀, tí mọ́tò tó ti wá bá sì ní immobilizer, èyí tí kì í jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ míì tan mọ́tò, ó fẹ́ rí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnì á fi máa yí tí ò ní tan, tí rìwáyà á wá jókòó tì í látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ tún wo ọdún ẹ̀, torí èyí tó wà nínú 4Runner láti 2010 ti ní VVT-i, èyí tó ń yí àsìkò tí fáàfù ẹ́ńjìnì ń ṣí padà, ní méjì méjì, brain box ti àtijọ́ ò lè darí ẹ̀. Ó dáa jù kí èèyàn ra gbogbo ẹ̀ lára mọ́tò kan ṣoṣo tó ní jàm̀bá: ẹ́ńjìnì, gíà, wáyà, brain box, pẹ́dà, kọ́kọ́rọ́. Ó lè dà bíi pé ó wọ́n, àmọ́ ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ra ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sàlẹ́ńsà ò le, apá méjì ni èéfín V6 ń gbà jáde, wẹ́dà á pa á pọ̀ di ọ̀kan lábẹ́. Bíréèkì ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò dáadáa, torí agbára mọ́tò ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí mọ́tò tó jáde, nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tó wà lára irin ò bá tinú pépà mu mọ́. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí lásẹ́ńsì ọ́fíìsì kí wọ́n yí i padà, torí ọlọ́pàá tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́nà ò ní gbọ́ àlàyé horsepower.