Èyí Tó Ń Rùn Kọ́ Ló Ń Pani

Lọ́dọọdún, bí oṣù Ọ̀gọ́ọ̀sì bá ti ń lọ sópin, fídíò kan náà làwọn àbúrò máa ń fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹnì kan á máa ṣí agolo ẹja, omi inú rẹ̀ á tú sí i lára, àwọn tó yí i ká á fọ́n ká, ẹlòmíràn á ti tẹ̀ kòòkò síbì kan, á máa bì. Ìbéèrè wọn kì í yàtọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa oúnjẹ, ṣé nǹkan tí wọ́n ń jẹ yìí ò ní pa wọ́n?"

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ohun tí àwọn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ń ṣe nínú oúnjẹ. Ìdáhùn mi ni pé ẹja yẹn ò jẹrà. Àwọn ará Swídìn ló ni ín, surströmming ni wọ́n ń pè é.

Inú òkun Baltic ni wọ́n ti ń pa ẹja yìí nígbà ìrúwé, ó jọ ṣàwá tiwa dáadáa. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú àgbá omi iyọ̀. Iyọ̀ ọ̀hún ò pọ̀ tó èyí tí gbogbo kòkòrò á fi kú, kò sì kéré débi tí ẹja á fi jẹrà. Ìwọ̀n yẹn gan-an ni ọgbọ́n tó wà níbẹ̀, torí pé iyọ̀ wọ́n láyé àwọn baba ńlá wọn. Kòkòrò tó lè fara da iyọ̀ nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù sínú àgbá, òun ló ń mú kí ẹja náà kan, òun náà ló ń tú òórùn sí i. Bí wọ́n bá rọ ọ́ sínú agolo, iṣẹ́ kòkòrò ò tíì tán. Afẹ́fẹ́ á máa kóra jọ, agolo á wú. Lọ́dún 2006, British Airways àti Air France ní àwọn ò fẹ́ ẹ nínú bàálù àwọn mọ́. (Ẹ má fi èyí ṣe ìwọ̀n fún agolo tòmátì tàbí sadíìnì ilé yín o. Ìyẹn bó bá ti wú, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má tọ́ ọ wò.)

Ìta gbangba làwọn tó ni oúnjẹ náà ti ń ṣí i, àwọn mìíràn tiẹ̀ ń ri agolo sínú garawa omi kí wọ́n tó dá a lu. Wọ́n á wá fi ẹja díẹ̀ sínú búrẹ́dì pẹlẹbẹ pẹ̀lú ànàmọ́ àti àlùbọ́sà. Odindi ẹja lẹni inú fídíò gbé sẹ́nu lásán. Bí ẹ bá fún àlejò ní irú wooro ẹ̀kún ṣíbí kan láìsí ọbẹ̀, òun náà á bì.

Èyí tó máa ń wù mí sọ jù ni ti àwọn ará Iceland. Ẹja àkurákudà kan wà nínú òkun tútù tó yí wọn ká, àwọn mìíràn nínú wa ń pè é ní ekurá. Bí èèyàn bá jẹ ẹran rẹ̀ ní tútù, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, ajá tó bá jẹ ẹ́ náà á máa ṣubú. Ìdí ni pé ẹja yìí kó yùríà, ohun kan náà tó wà nínú ìtọ̀ wa, pa mọ́ sínú ẹran ara rẹ̀ kí omi òkun má bàa fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Èròjà mìíràn tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú yùríà, tó máa ń di oró bó bá dé inú ìfun. Kí wá ni ẹni tí ebi ń pa, tí ẹja ńlá yìí sì bọ́ sí lọ́wọ́, máa ṣe?

Wọ́n gbẹ́ kòtò sínú iyanrìn olókùúta létí òkun, wọ́n tẹ́ ẹran náà sí i, wọ́n bò ó, wọ́n sì gbé òkúta lé e lórí. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ló fi ń wà níbẹ̀. Òkúta ń fún omi ara rẹ̀ jáde, kòkòrò ń fọ́ yùríà sí amóníà, afẹ́fẹ́ kan tó ń ta imú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé e kọ́ sínú abà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, títí ìta rẹ̀ á fi dúdú bí èèpo igi. Wọ́n á gé èèpo yẹn dà nù, wọ́n á sì gé inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Hákarl nìyẹn, oúnjẹ àsè Þorrablót wọn láàárín ìgbà òtútù.

Ó ń rùn bí ilé ìtọ̀ tí wọn ò fọ̀, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: òórùn tó ń lé àlejò sá yẹn, apá kan oró tó wà nínú ẹran ló ń bá a jáde lọ. Ẹran tútù tí kò rùn rárá ló lè gbé yín ṣubú.

Amóníà yìí kan náà ló ń ta wá nímú nídìí irú. Ìyá kan tí mo máa ń bá ṣiṣẹ́ á gbé irúgbá kaná nírọ̀lẹ́, iná ò ní kú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó bó, á fọ̀ ọ́, á tún un sè, á dà á sínú igbá ní gbígbóná, á fi ewé bò ó, á sì fi aṣọ tó nípọn wé e. Bí mo bá ṣí i lọ́jọ́ kejì, ooru ló kọ́kọ́ ń kàn mí lójú. Ara àwọn hóró á ti funfun, wọ́n á máa fà yọ̀ọ̀, òórùn á sì gba imú. Bakitéríà tó ń jẹ́ Bacillus subtilis ló ṣe gbogbo ìyẹn. Ó ń gé èròjà amúaradàgbà inú hóró náà sí wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ni adùn ọbẹ̀ ti ń wá, amóníà sì ń jáde lára rẹ̀.

Lórílẹ̀-èdè Jàpáánì, kòkòrò yìí kan náà ni wọ́n ń fi ṣe nattō. Ẹ̀wà sóyà ni tiwọn, koríko ìrẹsì ni wọ́n ń fi wé e láyé àtijọ́, ìlú Mito ló sì gbajúmọ̀ fún un jù. Ó ń fà ju irú lọ, ìyẹn ló ń kó ọ̀pọ̀ àlejò nírìíra. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ilé àjùmọ̀gbé ní Lọ́ńdọ̀nù se ọbẹ̀ ewédú lọ́jọ́ kan, aládùúgbò rẹ̀ béèrè bóyá eku kú sábẹ́ ilé. Ará Jàpáánì tó ń gbé yàrá kejì nìkan ló jáde wá béèrè pé kí ni wọ́n ń sè.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Alaska máa ń ri orí ẹja mọ́ inú kòtò tí wọ́n tẹ́ koríko sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ sì ń rí ọ̀nà gba inú koríko. Nígbà tí ike àti ọ̀rá dé, àwọn kan fi wọ́n rọ́pò kòtò: wọ́n dé e pinpin, wọ́n gbé e sínú ilé tó móoru, kó lè tètè kan. Bẹ́ẹ̀, bakitéríà kan wà, Clostridium botulinum, tó jẹ́ pé ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ ló fẹ́ràn. Àìsàn tó ń fà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i láàárín wọn. Oró rẹ̀ ò ní òórùn, kò sì ní adùn tàbí ìkorò tí ahọ́n lè mọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á máa rí nǹkan kan ní méjì, ìpéǹpéjú rẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀, ohùn á wọlé, mímí á wá di iṣẹ́. Oògùn tó ń dí oró náà lọ́wọ́ wà nílé ìwòsàn, àmọ́ ó dìgbà téèyàn bá tètè débẹ̀. Ọgbọ́n àwọn àgbà ò kùnà níbẹ̀, ohun èlò ló yí padà láìsí ẹni tó béèrè ìdí tí wọ́n fi ń lo ti tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ àjèjì síwájú yín, ẹ má bi imú yín nìkan. Ẹ béèrè ẹni tó ṣe é, ohun tó fi ṣe é, àti ọjọ́ mélòó tó lò. Ẹni tó bá ń lo oògùn warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó yàgò fún nattō, torí fítámì K inú rẹ̀ ń ba iṣẹ́ oògùn náà jẹ́. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ dúdú àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n ń pè ní ẹyin ọgọ́rùn-ún ọdún, ò ní 100 ọdún kankan lára, ẹfun àti eérú ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Èyí tí wọ́n kọ sí i pé kò ní òjé ni kí ẹ rà. Ní ti casu marzu, wàràkàṣì erékùṣù Sardinia tí ìdin ń fò nínú rẹ̀, mi ò lè gbà yín níyànjú láti jẹ ẹ́. Òfin ò gbà kí wọ́n tà á, ìdin náà sì lè wà láàyè wọ inú ìfun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà lọ́dọ̀ ìyá onírú nígbà tó ṣí igbá mẹ́rin. Mẹ́ta ta wá nímú. Ìkẹrin ń rùn díẹ̀díẹ̀, bí omi ògì tó ṣẹ́ jù. Ó fi ìka kan hóró kan, kò fà. Kò tọ́ ọ wò, kò sì bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé igbá náà, ó dà á sí ààtàn, ó sì lọ fi omi gbígbóná fọ igbá.