Àwòkọ́ṣe ni, ẹ yéé pè é ní àmúyangàn

Sátidé tó kọjá ni mo lọ síbi ètò kan tí wọ́n ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá ní Kubwa, l'Abuja níbí, lórí bí èèyàn ṣe ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Yorùbá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ já geere, àfi ìgbà tó kan ẹni tí èèyàn ń wò tó fi ń mọ nǹkan ṣe, ló bá bẹ̀rẹ̀ "róòlù módẹ́ẹ̀lì, róòlù módẹ́ẹ̀lì". Ọmọ kan ní kó bá àwọn túmọ̀ ẹ̀, ó ní "ẹni àmúyangàn" ni. Inú bí mi gan-an, mi ò lè purọ́.

Àmúyangàn, ẹni tí wọ́n fi ń yangàn ni. Ẹ̀gbọ́n yín tó ń ṣe dókítà ní London, ẹ lè fi yangàn láti àárọ̀ dalẹ́ kẹ́ ẹ má mọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú. Ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ kíkọ́ nǹkan ti wà nílẹ̀, àwòkọ́ṣe ló ń jẹ́, ẹ tú u wò: wò, kọ́, ṣe. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, wọ́n dẹ̀ tò tẹ̀ léra bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń lọ gẹ́lẹ́, ojú á wò ó, ọkàn á gbà á dúró, ọwọ́ á ṣe é. Àwọn kan tún ń sọ pé "aláwòkọ́ṣe" ló yẹ ká máa pe ẹni yẹn, mo ní rárá, oní-nǹkan la fi ń ṣe "al-" yẹn, aláwòkọ́ṣe á wá di ẹni tó ń wò, ẹni tí wọ́n ń wò dà?

Ọdún 1961 ni Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, kó ọmọ kéékèèké 72 jọ. Àwọn kan lára wọn rí àgbàlagbà tó ń lu bèbí onírọ́bà ńlá kan, tó ń fi òòlù gbá a lórí. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú bèbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn lù ú bí wọ́n ṣe rí i, ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà yẹn sọ sí i gan-an, àwọn kan nínú wọn sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe é. Nígbà tó yá Bandura ní nǹkan mẹ́rin ló ń gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ró: kéèyàn fojú sí i, kó dúró lọ́kàn ẹ̀, kí ara ẹ̀ lè ṣe é, kó dẹ̀ máa wù ú ṣe. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ti wà nínú ọ̀rọ̀ wa, a ò tíì fi nǹkan kan kún un.

Ohun tó sábà máa ń fa ẹ̀kẹrin ni mo ń pè ní ìwúrí. Àwọn tó ń bá mi jà lórí èyí ní "ìgbóríyìn" ló yẹ. Kò yẹ o. Ẹnu ni wọ́n fi ń gbóríyìn, èèyàn lè gbóríyìn fún ọ̀gá lọ́ọ́fíìsì kó dé ilé kó gbàgbé, àmọ́ tí iṣẹ́ ẹnì kan bá wú ẹ lórí, wàá dùbúlẹ̀ tán, ọwọ́ ẹni yẹn á ṣì máa lọ lójú ẹ.

Ibi tó le sí nìyí: ìwúrí lè ga jù. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn náà, ilé tó bá ga tí fìlà fi ń bọ́ lórí ẹni tó ń wò ó, àwòṣífìlà. Lọ́dún 1997 Penelope Lockwood àti Ziva Kunda gbé ìwádìí kan jáde ní Kánádà, wọ́n fi ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ akántáǹtì kan tó ta yọ gan-an han àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yẹn. Ó wú àwọn ọdún kìíní lórí, wọ́n rí i pé àwọn náà lè débẹ̀. Àwọn ọdún kẹrin kọ́, ìgbà ti lọ lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tó bá ti wakọ̀ lóru rí láti Lokoja bọ̀ wá sí Abuja nígbà òjò mọ nǹkan tí mò ń sọ. Iná pupa ẹ̀yìn mọ́tò tó wà níwájú lẹ ó máa tẹ̀ lé, tó bá yà, ẹ mọ̀ pé kòtò wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà á yà. Tó bá sáré lọ jù, tí iná yẹn di bíńtín, kò lè fi kòtò kankan hàn yín mọ́. Mọ́tò tí ẹ ṣì ń rí bó ṣe ń yà ni àwòkọ́ṣe, sítíárìn dẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Ojú ọ̀nà yẹn náà ni Kwali wà, níbi tí wọ́n bí Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi tó wà lẹ́yìn owó ₦20. Ọ̀dọ̀ àǹtí ẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò láti kékeré, kó tó wá lọ síbi tí Michael Cardew, òyìnbó amọ̀kòkò kan, ti ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ ìkòkò lọ́dún 1954, ní Suleja, tí wọ́n ń pè ní Abuja nígbà yẹn. Àwòṣífìlà lòun fún àwa. Àwòkọ́ṣe tiẹ̀, èèyàn ẹ̀ tó bá a jókòó nídìí amọ̀ ni.

Ọmọ àbúrò mi ń kọ́ télọ̀ ní Nyanya. Fóònù ẹ̀ kún fún àwòrán aṣọ àwọn gbajúmọ̀, oṣù mẹ́jọ dẹ̀ kọjá tí síìpù ò dúró lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń wọ́, ó ń sún kì, ọ̀gá á tú u dà nù. Ìgbà tí wọ́n gbé àga ẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, tó fi ọdún kan péré ṣáájú ẹ̀, ló rí i pé ìyẹn kì í gbé síìpù sábẹ́ maṣíìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó máa ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so ó mọ́ aṣọ kélékélé ná, á fi èékánná àtàǹpàkò tẹ etí ẹ̀ kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́yìn náà ló máa tó tẹ maṣíìnì. Ọ̀gá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ àmọ́ ọwọ́ ọ̀gá yá jù, ojú ò lè bá a. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì síìpù dúró.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju àwòkọ́ṣe lọ kó mú un wá, mo ṣe tán láti gbọ́. Àmọ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo lè fi pe ọmọbìnrin orí àga kejì yẹn, tí etí ò ní kọ̀ ọ́.